Ọdẹ́níran àti Pupa Inú Igbó Òkúta

Ẹni tó bá gbé ìkòkò sórí iná nílé, kó yáa lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ báyìí, torí tí Ọdẹ́níran bá ti la ẹnu, ọbẹ̀ á jóná, ọlọ́bẹ̀ ò ní gbóòórùn. Ohun tí àwọn ará Òkè-Ẹ̀lú máa ń sọ fún ara wọn nìyẹn bí wọ́n bá ń rọ́ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọdẹ arúgbó náà ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ọ̀hún gùn, ó sì tutù. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ a máa jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, nídìí ìkòkò aró rẹ̀, a máa fi etí gbọ́ ìtàn, a máa fi ọwọ́ ro aró, bí ọkọ rẹ̀ bá sì purọ́ kọjá ààlà, a gbé orí sókè.

Kàsúmù bíríkìlà ló dá ti ọjọ́ yìí sílẹ̀. Àlejò ni ní ìlú náà. Wọ́n ní kó wá rẹ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó sì ti rẹ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ku ojú ibì kan ṣoṣo: ihò kékeré kan lókè lápá ìwọ̀ oòrùn, tí wọ́n fi àkísà dí. Ó gun àpótí, ó bu sìmẹ́ǹtì sọ́wọ́.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín dí ihò yìí. Alángbá á máa gbabẹ̀ wọlé."

"Tó o bá dí i," ni Ọdẹ́níran wí, "èmi náà á dí ẹnu ẹ."

Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ́rìn-ín. Kàsúmù rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n kò sọ̀ kalẹ̀. "Ihò lásán mà ni, Bàbá."

"Ihò lásán kẹ̀? Ìgbéyàwó mi ló wà nínú ihò yẹn. Sọ̀ kalẹ̀, lọ fọwọ́ ẹ, kó o wá jókòó. Ìwọ tó ò ń pe ara ẹ ní ọ̀mọ̀lé, o ò tíì rí ilé rí láyé ẹ."

Kàsúmù fọwọ́, ó jókòó. Àwọn ará ìlú sún mọ́ra, torí nínú gbogbo ìtàn tí bàbá yìí ti sọ, kò tíì sọ ti ihò yẹn rí.

Nígbà tí Ọdẹ́níran wà ní géńdé, ọdẹ kan ṣoṣo ló wà ní Òkè-Ẹ̀lú, òun náà sì ni. Àwọn mìíràn wà tó ń gbé ìbọn kiri, kò jiyàn, àmọ́ bí wọ́n bá yìnbọn, ẹran á kọ́kọ́ wẹ̀yìn wò bóyá àwọn ni wọ́n ń bá wí. Ọdẹ́níran ò bẹ̀rù ẹfọ̀n, kò bẹ̀rù ìwin, kò bẹ̀rù baálẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo ló ń mú àyà rẹ̀ já, ọmọ aláró tó ń gbé lódìkejì odò, Àwẹ̀ró, tí aró ti mu ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgbọ̀nwọ́.

Àwọn tó fẹ́ fẹ́ Àwẹ̀ró pọ̀. Ohun kan náà ló ń sọ fún gbogbo wọn.

"Láti ìgbà tí mo ti dáyé, aró ni mò ń wò. Ọwọ́ mi aró, omi ìwẹ̀ mi aró, àlá tí mò ń lá náà aró. Ẹni tó bá gbé pupa wá fún mi, pupa tí mo lè fi omi eérú fọ̀ tí kò ní ṣí, òun ni mo máa fẹ́."

Kì í fẹnu lásán sọ ọ́. Ohunkóhun tí wọ́n bá gbé wá, ojú ẹni tó gbé e wá ni yóò ti fọ̀ ọ́. Láníhùn, ọkùnrin kan tí àká iṣu rẹ̀ kún dẹ́nu, gbé àrán pupa kan wá, ó ṣe é lọ́jọ̀jọ̀ bí ọmọ tuntun. Àwẹ̀ró tẹ̀ ẹ́ sínú omi eérú, ó fi ọwọ́ bó o gìrìgìrì. Omi di epo pupa, àrán wá funfun bí irùngbọ̀n arúgbó. Àmọ́ bàbá Àwẹ̀ró fẹ́ràn iṣu. Ó ní bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì mú pupa yẹn dé, òun á fa ọmọ òun lé Láníhùn lọ́wọ́, pẹ̀lú àrán rẹ̀ tó ti ṣí.

Ẹ̀ẹ̀rùn ti ń lọ sópin nígbà náà. Ọdẹ́níran gbé ìbọn, ó mú aṣọ funfun kan tí ìyá rẹ̀ hun fún un kó lè fi gba pupa náà níbikíbi tó bá ti rí i, ó sì wọgbó.

Ẹ má bi í pé ọ̀nà wo ló gbà. Tó bá sọ fún yín, ẹ ò ní lè lọ.

Igbó àkọ́kọ́ tó kọjá ń jẹ́ Igbó Olófòófó. Àwọn igi ibẹ̀ máa ń sọ̀rọ̀, àṣírí ẹni tó bá ń kọjá sì ni wọ́n ń sọ. Kò tíì rìn jìnnà tí ìrókò kan fi kígbe fún àràbà kan pé, "Wo Ọdẹ́níran tó ń lọ yẹn. Ó sá fún ọ̀kẹ́rẹ́ lọ́dún èsí."

"Mi ò sá," ni Ọdẹ́níran dáhùn, kò tilẹ̀ dúró. "Mo yà fún un ni. Ìyàwó ẹ̀ ń rọbí nílé. Ìwọ tó o tóbi tó báyìí, ẹyẹ ló ń ṣu sí ọ lórí láràárọ̀, èwo nínú wọn lo ti lé dànù?"

Àràbà rẹ́rìn-ín títí ewé fi ń já lára rẹ̀.

Ní òpin igbó náà ni ìwin kan jókòó sí, Ìyá Gbòǹgbò ni wọ́n ń pè é. Irun orí rẹ̀ gbòǹgbò, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ gbòǹgbò, ó sì gba gbogbo ojú ọ̀nà.

"Àlọ́ ni wọ́n ń fi kọjá lọ́dọ̀ mi, ọmọ mi," ló wí. "Ó gba ara ògiri wọlé, kò dá ògiri lu. Ó jókòó sórí aṣọ, aṣọ ò wúwo. Wọ́n ká a mọ́nú aṣọ, wọ́n tú aṣọ, wọn ò bá a níbẹ̀. Kí ni?"

"Olè ni."

"Olè á gbé aṣọ náà lọ."

"Ẹni tí mo fẹ́ fi ṣe àna ni. Tó bá ti jẹun yó, ẹ ò lè bá a níbì kankan."

Ìyá Gbòǹgbò rẹ́rìn-ín, ilẹ̀ mì tìtì. "O pa mí lẹ́rìn-ín, n ó jẹ́ kó o kọjá. Ṣùgbọ́n ibí lo máa gbà bọ̀. Bó o bá padà tó ò mọ̀ ọ́n, wàá ta gbòǹgbò síbí. Èèyàn ni gbogbo igi tó ń bú ẹ látàárọ̀. Wọn ò mọ àlọ́ yìí ni."

Ọdẹ́níran wẹ̀yìn wo ìrókò tó bú. Ọ̀rọ̀ ò dùn mọ́ ọn lẹ́nu mọ́. Ó kọjá.

Lẹ́yìn èyí ló rí ohun kan lókèèrè, ó rò pé òkè ni. Ó sún mọ́ ọn, ó rò pé igbó ni, torí ó ń yọ ṣóńṣó ṣóńṣó lọ sókè ọ̀run. Ó tún sún mọ́ ọn, ó rí ilẹ̀kùn. Ilé ìsìn ni, òkúta látòkè délẹ̀, ó ga débi pé àwọsánmà ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

"Bàbá," ni Kàsúmù wí, "ta ló gbé òkúta débẹ̀ yẹn?"

"Àwọn bàbá ńlá wọn. Ẹni tó fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ kò rí òrùlé. Ọmọ rẹ̀ kò rí i. Ọmọ ọmọ ọmọ rẹ̀ ló bò ó."

"Ògiri tó ga tó yẹn á wó."

"Ì bá wó. Àmọ́ ó ní apá. Wọ́n mọ apá òkúta sẹ́yìn òde ilé náà, ó na gbọọrọ láti ilẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ti ògiri lókè, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tò yí ilé ká. Ká ní o rí i, wàá rò pé ìjọ èèyàn kan ló ń gbé ara wọn dúró."

Kàsúmù fi ìka ya apá náà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń wò ó.

Àwọn èèyàn òkúta tò sẹ́nu ilẹ̀kùn ilé náà, ọ̀kan lórí èkejì: àwọn ọba tí imú wọn ti ya, àwọn obìnrin tó gbé fìtílà dání, áńgẹ́lì kan tó ń fi òṣùwọ̀n wọn èèyàn tó sì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ọdẹ́níran, ọmọ tí wọ́n kọ́ tó gbọ́, dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà, ó dìde, ó kí àwọn obìnrin. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó ní òun ò rí ìlú onígbèéraga bẹ́ẹ̀ rí. Bó ṣe ń bú wọn lọ́wọ́ ni òjò ìlú náà ṣú, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, tó gbé ojú sókè, tó sì rí ẹranko náà.

Ẹ̀bá òrùlé ló ba sí. Orí ajá, ọrùn igún, ìyẹ́ àdán. Ó na ọrùn jáde, ó la ẹnu, ó fẹ́ bẹ́ mọ́ àwọn tó ń kọjá nísàlẹ̀. Ọdẹ wo ni yóò rí irú èyí tí yóò ká ọwọ́ gbera? Ó yìnbọn lù ú. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ẹranko náà já bọ́ sílẹ̀ gbì. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Omi ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lára ògiri.

Obìnrin kan jáde wá, ó so kọ́kọ́rọ́ pọ̀ mọ́ ìdí, ọgbẹ́ iná wà ní ìka ọwọ́ rẹ̀. Atúnmọ́lẹ̀ṣe lorúkọ rẹ̀, òun ló ń tọ́jú ilé náà. Kò pariwo.

"Ìwọ lo yìnbọn?"

"Èmi ni, ìyá. Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́. Ẹranko yẹn ni mo gbà yín lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ọ̀nà omi ni, ọmọ mi."

"Ọ̀nà omi tó ní eyín?"

"Omi òrùlé ló máa ń gba ọ̀fun rẹ̀, tí yóò pọ̀ ọ́ jìnnà sí ògiri. Ìwọ ti já àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀. Omi ti ń wọ ara ògiri báyìí, àwòrán tí àwọn bàbá wa kùn wà nínú ibẹ̀. Òfin ìlú wa ni pé ẹni tó bá mú ẹnu kúrò á fi ẹnu tirẹ̀ dípò, títí agbẹ́kùúta á fi gbẹ́ òmíràn. Gòkè."

Bí Ọdẹ́níran ṣe gun òrùlé nìyẹn, tó ba sẹ́bàá rẹ̀, tó la ẹnu sílẹ̀, tí omi ń gba ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ wọlé tó ń gba ẹnu rẹ̀ jáde. Ó ní bí ẹnikẹ́ni nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí bá rò pé iṣẹ́ kékeré ni, kó bọ́ síta lọ́jọ́ òjò kó gbìyànjú rẹ̀.

Àṣé àwọn ẹranko òkúta yòókù ń wò ó. Èyí tó ní orí kìnnìún ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Na ọrùn síwájú, àlejò. Ò ń tutọ́ sára ògiri."

"Mo ti nà án."

"Nà án sí i. Ìtìjú ò sí lórí ibí."

Ọdẹ́níran nà án. "Kí ló dé tí wọ́n gbẹ́ yín burúkú báyìí?"

"Ẹni tó gbẹ́ mi, ojú ìyá ìyàwó rẹ̀ ló ń wò fi gbẹ́ mi. Ẹni tó gbẹ́ èkejì mi yìí, dígí ló ń wò." Àwọn ẹranko náà rẹ́rìn-ín, omi dà nù lẹ́nu wọn. "Àwọn arẹwà wà nínú ilé, ọ̀rẹ́ mi. Àwa là ń jẹ òjò níta kí àwọ̀ wọn má baà ṣí."

Ọdẹ́níran fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òjò mì. "Kí ni kò gbọdọ̀ ṣí?"

"Àwọ̀. Ewé, aró, òféfèé, pupa. Pupa ibẹ̀ ń jó bí iná, láti ìgbà tí wọ́n sì ti fi síbẹ̀, kò yẹ̀."

Láti ìgbà náà, Ọdẹ́níran na ọrùn ju gbogbo wọn lọ. Ẹ̀kán omi kan ò kan ògiri mọ́. Nígbà tí òjò dá, agbẹ́kùúta ti gbẹ́ ẹnu tuntun, ó sì ti ń wo ọ̀kánkán ọ̀dọ̀ ọdẹ náà ní gbogbo ìgbà tó ń gbẹ́ ẹ. Títí di òní olónìí, ojú Ọdẹ́níran wà lórí òrùlé ìlú yẹn, ó ń pọ omi.

"Wọn ì bá tún wá ẹran kan tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú igbó," ni Àwẹ̀ró wí nídìí ìkòkò rẹ̀, "wọn ò ní rí i."

"Ẹ ò gbọ́ ìyàwó mi bí? Ojú yìí náà ló fẹ́."

Atúnmọ́lẹ̀ṣe ṣílẹ̀kùn fún un. Nínú ilé, àwọn òpó náà gbéra nílẹ̀ bí igi obì, wọ́n lọ lọ lọ, wọ́n sì la ẹ̀ka pàdé ara wọn lókè pátápátá. Igbó òkúta ni, láìsí ewé, láìsí kòkòrò. Ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ síwájú, ó ń padà wá kí i. Ní igun kan, ó rí ère ìyá kan tó gbé òkú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin sórí itan. Ọmọ náà ti dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn ju itan ìyá rẹ̀ lọ, síbẹ̀ ìyá gbé e bí ìgbà tó ń fún un lọ́mú. Ọdẹ́níran ti gbé òkú ẹran lé èjìká láìmọye. Ó ṣí fìlà.

Lẹ́yìn náà ni oòrùn là.

Kí ni Ọdẹ́níran máa pe ohun tó rí? Fèrèsé ni, ó ga bí ọ̀pẹ, èyí tó wà lójú ọ̀kánkán sì ṣe roboto bí òdòdó tó tanná. Èèyàn ló kún inú gíláàsì wọn: ẹni tó ń fún irúgbìn, ẹni tó ń da àgùntàn, obìnrin kan tó wọ aṣọ aró, aró gidi, irú èyí tó wà lọ́wọ́ Àwẹ̀ró. Ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ da aṣọ pupa bora. Pupa yẹn kò dúró sínú gíláàsì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó nà sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ Ọdẹ́níran.

Ó fi ọwọ́ kàn án. Ọwọ́ rẹ̀ pupa, ọwọ́ rẹ̀ ò tutù. Kí ni ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ aláró yóò ṣe? Ó mọ bí aró ṣe ń mú aṣọ: wọ́n á rẹ aṣọ sínú ìkòkò, wọ́n á fi í sílẹ̀ kó mu ún dáadáa. Ó tẹ́ aṣọ funfun ìyá rẹ̀ sínú pupa náà, ó jókòó tì í, ó ní kó máa mu. Pupa sún, ó fa aṣọ tẹ̀ lé e. Pupa tún sún, ó tún fà á. Àwọn tó ń gbàdúrà ń la ojú kan wò ó, ó ń juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Nígbà tí oòrùn fẹ́ wọ̀, tí pupa náà pọ́n jù lọ, ó yára ká aṣọ mọ́ ọn, ó dì í ní kókó, ó sáré jáde.

Ó tú u lórí àtẹ̀gùn. Funfun báláú.

Ó yí i sódì. Funfun. Ó gbọ̀n ọ́n. Ọdẹ́níran tó ti dojú kọ ẹfọ̀n wá jókòó sórí àtẹ̀gùn òkúta, aṣọ lórí itan, kò mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Àwẹ̀ró á lọ sílé Láníhùn. Òun á lọ di igi.

Atúnmọ́lẹ̀ṣe wá dúró tì í. "Kí lo ká mọ́nú rẹ̀?"

"Mo ká a mọ́nú rẹ̀, mo tú u, mi ò bá a…" Ó fò dìde. "Ó gba ara ògiri wọlé. Aṣọ ò wúwo. Ìmọ́lẹ̀ ni, ìyá! Ìmọ́lẹ̀ ni nǹkan burúkú náà!" Ó rẹ́rìn-ín, ó gbá aṣọ mọ́ àyà, lẹ́yìn náà ló rántí pé ìdajì iṣẹ́ ṣì kù, ó tún jókòó, ó wá rò ó fún obìnrin náà látòkè délẹ̀.

"Pupa yẹn kì í ṣe aró," ni Atúnmọ́lẹ̀ṣe wí. "Iná ló bí i, inú gíláàsì nìkan ló ń gbé. Kò lè bá ọ rìn nínú aṣọ." Ó ti ọwọ́ bọ àpò. "Ìjì fọ́ igun kan lára aṣọ pupa inú fèrèsé ọ̀hún, mo ti fi tuntun dípò. Àfọ́kù rẹ̀ nìyí. O jẹ òjò fún ilé yìí, o sì jẹ ẹ́ dáadáa. Tìrẹ ni."

Ọdẹ́níran dì í mọ́nú aṣọ funfun, ó di ọ̀nà mú. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Gbòǹgbò, kò tilẹ̀ jẹ́ kó bi òun. "Ìmọ́lẹ̀," ló wí, ó ń kọjá lọ. Bó ṣe wí bẹ́ẹ̀ ni gbogbo igi Igbó Olófòófó fa gbòǹgbò yọ, wọ́n di èèyàn, wọ́n bẹ́ sọ́nà ilé. Àwọn kan lára wọn délé, wọ́n bá ọkọ tuntun lọ́wọ́ ìyàwó wọn. Ìyẹn ò kan Ọdẹ́níran.

Ojú ọ̀run Òkè-Ẹ̀lú ti dúdú nígbà tó wọlé. Òjò àkọ́rọ̀ ń kùn lókè. Láníhùn ti wọ dàńdógó, ó ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá Àwẹ̀ró.

Àwẹ̀ró gba àfọ́kù náà, ó gbé e sí àtẹ́lẹwọ́. "Dúdú ni," ló wí.

"Àpáàdì ló gbé wá," ni Láníhùn wí. "Irú ẹ̀ pọ̀ lẹ́yìnkùlé mi."

"Fọ̀ ọ́," ni Ọdẹ́níran wí.

Àwẹ̀ró tẹ̀ ẹ́ sínú omi eérú, ó fi kànrìnkàn bó o. Omi mọ́ kedere. "Kò ṣí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n pupa dà, Ọdẹ́níran?"

Ọdẹ́níran gbójú sókè. Oòrùn ò sí níbì kankan. Kò mọ àdúrà tí wọ́n ń gbà nínú ilé òkúta yẹn, ìyá tó gbé ọmọ sórí itan nìkan ló rántí, òun ló sì bẹ̀, ó ní kó bá òun ṣí àwọsánmà díẹ̀. Ẹ̀kán òjò kan bọ́ sí dàńdógó Láníhùn. Láníhùn rẹ́rìn-ín, ó dìde. Bó ṣe dìde ni àwọsánmà là lápá ìwọ̀ oòrùn, oòrùn yọ ojú kan. Ọdẹ́níran já àfọ́kù gbà, ó gbé e sókè sí i.

Pupa bọ́ sórí ọwọ́ Àwẹ̀ró. Ọwọ́ tí kò gba àwọ̀ mìíràn rí láti ìgbà tí wọ́n ti bí i, aró inú rẹ̀ àti pupa òkè rẹ̀ para pọ̀, ó ń dán bí ìyẹ́ àlùkò. Ó yí ọwọ́ náà sódì, ó yí i sójú. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú omi eérú, ó fà á jáde. Pupa ṣì wà níbẹ̀.

"Bàbá," ló wí, kò gbójú kúrò lára ọwọ́ rẹ̀, "ẹ bá mi kí Láníhùn pé ó kú ìjókòó."

Ibẹ̀ ni Ọdẹ́níran parí ìtàn sí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ pariwo, wọ́n ń kí i, wọ́n ń kí ìyàwó rẹ̀. Kàsúmù bíríkìlà nìkan ni kò tíì gbà.

"Ìtàn dùn, Bàbá. Àmọ́ ilé tó ní apá, ẹranko tó ń sọ̀rọ̀…"

Àwẹ̀ró ti dìde nídìí ìkòkò rẹ̀. Ó gun àpótí Kàsúmù, ó yọ àkísà ojú ihò náà, àfọ́kù gíláàsì ọ̀hún ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Oòrùn ti yí sápá ibẹ̀. Pupa sọ̀ kalẹ̀ sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gba orí ògiri tuntun, ó gba ẹsẹ̀ àwọn èèyàn, ó nà sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ìyá arúgbó náà fa àpótí ìjókòó rẹ̀ sínú rẹ̀, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ aró rẹ̀ méjèèjì sórí itan. Nígbà tó yá, pupa sún díẹ̀. Ó gbé àpótí, ó sún tẹ̀ lé e.

"Ẹ yẹ̀ fún un," ni Ọdẹ́níran wí jẹ́jẹ́. "Ẹ má dí i lọ́nà."

Kàsúmù kó garawa rẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. Ó wo ihò náà pẹ́. "Bàbá," ló wí, "etí gíláàsì yẹn ti ń mì. Ẹ jẹ́ kí n fi sìmẹ́ǹtì dì í mú yíká, kí ìjì má baà já a lulẹ̀."

"Ìgbà yìí lo wá sọ̀rọ̀ bí ọ̀mọ̀lé."

Òórùn ọbẹ̀ tó ń jóná ti ilé ẹnì kan wọlé wá. Kò sẹ́ni tó dìde.